Láti Kirkwall sí Sumburgh: bí ẹ ṣe lè fọwọ́ ara yín ṣírò jíjìnnà àti àkókò ìrìnàjò láàárín pápákọ̀ òfurufú erékùṣù méjì

Àbúrò mi kan tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Skọ́tílàndì pè mí lórí fóònù. Ó wà ní Kirkwall nígbà náà, wọ́n sì ti fún un níṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ní Lerwick. “Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “bàlúù yẹn ò ju ìṣẹ́jú 35 lọ. Tí mo bá gbéra láago mẹ́wàá, mo ti dé ẹnu iṣẹ́ láago mọ́kànlá, àbí?” Mo ní kó má tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ o. A jókòó sórí fóònù, a ṣírò ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìṣirò yẹn ni mo kọ síbí. Ẹ lè fi ọ̀nà kan náà wọn pápákọ̀ méjì yòówù láyé, ṣùgbọ́n orí méjì yìí ni mo máa dúró sí, torí wọ́n sún mọ́ra, òkun sì pààlà sáàárín wọn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ̀ ń lọ gan-an

Òkè àríwá Skọ́tílàndì ni Orkney wà. Shetland tún wà lókè Orkney, níhà àríwá ìlà-oòrùn rẹ̀. Ẹgbẹ́ erékùṣù ni méjèèjì: Orkney ní bí 70, àwọn èèyàn sì ń gbé nínú bí 20 lára wọn, Shetland ní bí 100, èyí tí èèyàn ń gbé níbẹ̀ ò ju 16 lọ. Kirkwall ni olú ìlú Orkney, Lerwick ni ti Shetland.

Pápákọ̀ Kirkwall ò fa wàhálà kankan. Ẹ̀yìn ìlú ló wà, bíi kìlómítà 5 sí àárín ìgboro. Lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì ni KOI.

Ti Shetland ló gba sùúrù. Sumburgh, LSI, ni pápákọ̀ ńlá tí bàlúù láti Kirkwall, Aberdeen àti àwọn ìlú mìíràn ń balẹ̀ sí. (Ẹ má pe “g” ìparí orúkọ yẹn, àwọn onílé a máa sọ ọ́ bí ẹni ń pe “Sọ́mbùrọ̀”.) Kò sí nítòsí Lerwick rárá. Ìdí erékùṣù níhà gúúsù pátápátá ló wà, kìlómítà 40 sí ìlú. Pápákọ̀ kékeré kan wà nítòsí Lerwick lóòótọ́, Tingwall lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bàlúù kéékèèké tó ń lọ sí àwọn erékùṣù Shetland tó jìnnà, bíi Foula àti Fair Isle, ló ń lò ó. Ìkẹta tún wà níhà àríwá, Scatsta, tí àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì ń gbà kọjá. Wọ́n ti tì í pa lọ́dún 2020. Bí ẹ bá rí i lórí máàpù àtijọ́, ẹ fojú fò ó.

Kí ló fà á tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí? Torí pé ẹni tó bá wọn Kirkwall sí Lerwick lórí máàpù ti wọn ohun tí bàlúù ò ní fò. Pápákọ̀ sí pápákọ̀ la ń wọn, lẹ́yìn náà la ó wá fi ọ̀nà ilẹ̀ kún un.

Ẹ wọn bó ṣe jìnnà tó

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni Google Maps lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ pápákọ̀ Kirkwall, ẹ yan ibi tí wọ́n kọ “Measure distance” sí, kí ẹ wá lọ tẹ Sumburgh. Ìlà tààrà máa jáde, nọ́ńbà rẹ̀ á sì wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá bèèrè ọ̀nà ọkọ̀ dípò èyí, ọ̀nà tó ń gba inú ọkọ̀ ojú omi kọjá ló máa fún yín, torí títì kankan ò so Orkney pọ̀ mọ́ Shetland. Nọ́ńbà yẹn ò wúlò fún ìṣirò bàlúù.

Ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn kí èèyàn mọ̀ ọ́n fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, nítorí ibẹ̀ lohun tó ń jọ àwa tá a dàgbà nílẹ̀ Yorùbá lójú wà.

Ibi kọ̀ọ̀kan láyé ní nọ́ńbà méjì. Àkọ́kọ́, làtítúùdù, ń sọ bó ṣe jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì lágbedeméjì. Èkejì, lọ́ńgítúùdù, ń sọ bó ṣe jìnnà sí ìlà tó gba Greenwich ní London kọjá, yálà síhà ìlà-oòrùn tàbí síhà ìwọ̀-oòrùn. Pápákọ̀ Kirkwall wà ní dígírì 58.958 lókè, 2.905 níhà ìwọ̀-oòrùn. Sumburgh wà ní 59.879 lókè, 1.296 níhà ìwọ̀-oòrùn.

Ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì. Làtítúùdù: 59.879 dín 58.958, ó kù 0.921. Lọ́ńgítúùdù: 2.905 dín 1.296, ó kù 1.609. Ẹ yọ wọ́n bẹ́ẹ̀ torí pé ìhà kan náà ni méjèèjì wà sí Greenwich. Ká ní ọ̀kan wà níwọ̀-oòrùn, èkejì sì wà nílà-oòrùn, ṣe lẹ bá rò wọ́n pọ̀.

Dígírì làtítúùdù kan jẹ́ kìlómítà 111.2, ibi yòówù kí ẹ wà. Ẹ fi 0.921 ṣe ìlọ́po 111.2, ó jẹ́ 102.4. Ìyẹn ni pé Sumburgh fi kìlómítà 102.4 ga ju Kirkwall lọ síhà àríwá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni lọ́ńgítúùdù. Ní Èkó, dígírì lọ́ńgítúùdù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dígírì làtítúùdù kan, ó lé díẹ̀ ní kìlómítà 110, torí pé a ò jìnnà sí àárín ayé. Bí ẹ bá ṣe ń gòkè lọ sí àríwá, àwọn ìlà yẹn ń sún mọ́ra bí àwọn ọ̀pá inú agboòrùn ṣe ń pàdé lókè. Láàárín Orkney àti Shetland, dígírì kan ò ju kìlómítà 57 lọ mọ́, ìyẹn bí ìdajì ohun tó jẹ́ ní Èkó! Ẹni tó bá fi ojú ilé ṣírò rẹ̀ á gba nọ́ńbà tí kò wúlò.

Àtúnṣe rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ ìṣirò tó wà nínú fóònù. Ẹ wá àárín làtítúùdù méjèèjì, 59.42. Ẹ tẹ bọ́tìnnì “cos” fún un, á fún yín ní 0.5088 (kí ẹ̀rọ wà lórí dígírì o, kì í ṣe rédíánì, ẹ wo igun ojú rẹ̀ bóyá “DEG” ló wà níbẹ̀). Ẹ wá fi 1.609 ṣe ìlọ́po 111.2, kí ẹ tún fi èsì rẹ̀ ṣe ìlọ́po 0.5088. Ó jẹ́ kìlómítà 91. Ìyẹn ni Sumburgh fi wà síhà ìlà-oòrùn Kirkwall.

Ó kù ká so méjèèjì pọ̀. Bíríkìlà tó ń na okùn ìpìlẹ̀ ilé mọ ohun tí mo fẹ́ sọ dáadáa. Tó bá fẹ́ kí igun yàrá gún régé, á wọn 3 síhìn-ín, á wọn 4 sọ́hùn-ún, okùn tó bá so orí méjèèjì pọ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 5. Òfin kan náà la fẹ́ lò. Ẹ fi 102.4 ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, ó jẹ́ 10,486. Ẹ fi 91 ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, ó jẹ́ 8,281. Ẹ rò wọ́n pọ̀, 18,767. Ẹ tẹ bọ́tìnnì √ fún un.

Kìlómítà 137.

Bí ẹ bá gbàgbé “cos” yẹn, 206 lẹ máa rí. Ẹ tún un ṣe kí ẹ wò ó.

Àwọn awakọ̀ òfurufú ò fi kìlómítà sọ̀rọ̀, máìlì ojú òkun ni tiwọn, ìkọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 1.852. Ẹ fi 1.852 pín 137, ó jẹ́ 74. Ní máìlì tí wọ́n kọ sójú títì Ìlú Ọba, tó jẹ́ kìlómítà 1.609, ó jẹ́ 85. Ẹ kíyè sí i tí ẹ bá rí nọ́ńbà 74 níbì kan, 85 níbòmíràn, 137 níbi kẹta: ohun kan náà ni wọ́n ń sọ, ìwọ̀n ló yàtọ̀. Ọ̀nà oníbíríkìlà yìí péye tó fún ibi tí kò ju ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà lọ. Èkó sí London ò ní ṣe é fi wọ̀n ọ́n, torí pé ayé rí róbótó, ìlà náà á ti tẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú inú wo 137: ó fi díẹ̀ jìn ju ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ.

Ẹ sọ jíjìnnà di ìṣẹ́jú

Ilé iṣẹ́ bàlúù Loganair ló ń fò láàárín méjèèjì, ATR sì ni irú bàlúù wọn, èyí tó ní abẹ̀bẹ̀ níwájú apá méjèèjì. Tó bá ti wà lókè tó ń sáré dáadáa, ó ń lọ bíi kìlómítà 500 ní wákàtí kan. Ẹ fi 500 pín 137, ẹ fi 60 ṣe ìlọ́po rẹ̀, ìṣẹ́jú 16 àti díẹ̀.

Ṣùgbọ́n 35 ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Níbo ni ìṣẹ́jú 19 tó kù lọ?

Aago tí wọ́n kọ pé bàlúù máa “gbéra” ni ìgbà tó máa kúrò níbi tó dúró sí lẹ́bàá ilé ìdúró, kì í ṣe ìgbà tí táyà rẹ̀ máa kúrò nílẹ̀. Aago tí wọ́n kọ pé ó máa “dé” ni ìgbà tó máa dúró jẹ́jẹ́ lódìkejì. Láàárín ìyẹn, ó máa rọra yí lọ sẹ́nu ojú ọ̀nà ìgbéra, ó máa dúró gba àṣẹ, ó máa gòkè, kò sì lè sáré dáadáa nígbà tó ń gòkè. Ní Sumburgh, ó lè ní láti yí kọjá lórí òkun kó tó kọjú sí afẹ́fẹ́, torí bàlúù máa ń fẹ́ balẹ̀ kó kojú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Ó máa dẹ eré sílẹ̀, á balẹ̀, á tún yí lọ síbi ìdúró. Lórí ọ̀nà kúkúrú báyìí, gbogbo àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ló ń jẹ àkókò ju fífò gan-an lọ. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú 35 pín 137, eré tó ṣẹ́kù ò ju 235 ní wákàtí kan lọ.

Ọ̀nà tí mo fi ń ṣe é ni pé kí ẹ pín jíjìnnà pẹ̀lú eré bàlúù, kí ẹ wá fi ìṣẹ́jú 15 sí 25 kún un. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀nà kúkúrú tí ATR ń fò. Ẹ dán an wò: Aberdeen sí Kirkwall jẹ́ bíi 200 kìlómítà, 24 ni fífò rẹ̀, pẹ̀lú àfikún ó wà láàárín 39 sí 49, bíi 50 ni wọ́n sábà máa ń kọ sílẹ̀. Ó sún mọ́ ọn.

Ọ̀nà bàlúù tó kúrú jù láyé wà ní Orkney kan náà, láti Westray sí Papa Westray. Kìlómítà 2.7 ni. Wọ́n kọ ìṣẹ́jú 2 sí i, láti ọdún 1967 ni Loganair sì ti ń fò ó. Ìgbà tó yá jù tí wọ́n tíì ṣe é, ìṣẹ́jú àáyá 53 ni. Ẹ fi ìṣẹ́jú 2 pín 2.7 kí ẹ wo eré rẹ̀: 81 kìlómítà ní wákàtí kan. Dáńfó tó jáde ní Bẹ́gà ní òwúrọ̀ Sunday, tí títì dá, á fi bàlúù yẹn sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé eré tí wọ́n kọ sára bàlúù ò sọ nǹkan kan fún yín nígbà tí ọ̀nà bá kúrú?

Ẹ ṣírò afẹ́fẹ́ náà

Afẹ́fẹ́ kì í sinmi níbẹ̀. Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti sábà máa ń fẹ́, Kirkwall sí Sumburgh sì dojú kọ àríwá ìlà-oòrùn, nǹkan bíi dígírì 41 lórí kọ́ńpáàsì. Ìyẹn ni pé lílọ, afẹ́fẹ́ á máa tì yín lẹ́yìn. Bíbọ̀, ẹ máa kojú rẹ̀.

Ká sọ pé ó ń fẹ́ ní kìlómítà 93 ní wákàtí kan lókè, èyí tí kì í ṣe ohun àjèjì lásìkò òtútù. Lílọ, bàlúù ń bo ilẹ̀ ní 593, ìṣẹ́jú 14. Bíbọ̀, ó ń bo 407, ìṣẹ́jú 20. Ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú 6 péré. Ẹni tó bá lọ sí Amẹ́ríkà láti London tó sì padà mọ̀ pé afẹ́fẹ́ a máa jẹ wákàtí, ṣùgbọ́n níbí, kò lè ba àkókò yín jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí afẹ́fẹ́ lè ṣe níbí ni pé kó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ títí bàlúù ò fi ní lè balẹ̀ rárá. Ìyẹn la kì í fi ìṣẹ́jú ṣírò.

Kùrukùru ni ọ̀gá gbogbo rẹ̀

Kí ẹ tó fi nọ́ńbà kankan ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni, ẹ wá nǹkan mọ̀ nípa kùrukùru Sumburgh. Tí afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bá gba orí òkun tó tutù kọjá, omi inú rẹ̀ á di èéfín funfun, á sì wọ́ gòkè wá sórí ilẹ̀. Àwọn ará etí òkun ìlà-oòrùn Skọ́tílàndì ń pè é ní “haar”. Ìgbà tí oòrùn wà, láti April títí wọ September, ló pọ̀ jù. Ìyẹn ló ń ya ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́nu: nígbà tí ilẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú lálẹ́, tí gbogbo èèyàn rò pé ojú ọjọ́ ti dára, ìgbà yẹn gan-an ni bàlúù máa dé orí Sumburgh, tí ò ní rí ilẹ̀, táá sì padà. Àwa náà mọ irú rẹ̀ nílé. Lásìkò ọyẹ́, nígbà tí eruku bá bo ojú ọ̀run, àwọn èèyàn a máa sùn sí pápákọ̀ Ìkẹjà pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Eruku ló wà níbẹ̀, omi ló wà níbí.

Bí ẹ ṣe máa wò ó: ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ a máa gbé ìròyìn kúkúrú jáde fún pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan, METAR fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, TAF fún ohun tí wọ́n rò pé ó ń bọ̀. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe KOI àti LSI lẹ máa fi wá a. EGPA ni Kirkwall níbẹ̀, EGPB ni Sumburgh. Ó lè jáde báyìí:

EGPB 16012KT 0300 FG VV001

Ó dà bí àdììtú, ṣùgbọ́n kò le. 16012KT: afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti dígírì 160, ìyẹn gúúsù tó yà díẹ̀ sí ìlà-oòrùn, ní máìlì ojú òkun 12 ní wákàtí kan. 0300: ojú ò ríran ju mítà 300 lọ. FG ni kùrukùru. VV001 túmọ̀ sí pé béèyàn bá gbójú sókè, kò lè rí ju ẹsẹ̀ bàtà 100 lọ. Tí ẹ bá rí èyí ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò, ẹ má tíì kúrò níbi tí ẹ sùn sí kí ẹ tó wo ojú ìwé pápákọ̀ náà. Tó bá jẹ́ 9999 ló wà níbi tí 0300 wà, ẹ fọkàn balẹ̀: ojú ń rí kìlómítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti Kirkwall nìkan kọ́ ló yẹ kí ẹ wò. Ibi tí ẹ ń lọ ló ń pa bàlúù tì jù.

Ẹ ṣírò látilé délé

Ibí ni mo ti dá àbúrò mi dúró. Ó ti fi 35 sọ́kàn, ìyẹn sì ni apá tó kéré jù.

Láti òtẹ́ẹ̀lì ní Kirkwall dé pápákọ̀, tákísì ò lè gbà ju ìṣẹ́jú 15 lọ, pẹ̀lú ẹrù gbígbé. Kí ẹ dé ní wákàtí kan ṣáájú. Pápákọ̀ kékeré ni, ìlà kì í gùn, àmọ́ wọ́n ń ti ojú gbígba ẹrù láìfi ojú wo ẹnikẹ́ni. Bàlúù, 35. Gbígba ẹrù ní Sumburgh, 15. Lẹ́yìn náà ni ojú ọ̀nà 40 kìlómítà yẹn dé Lerwick: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ìṣẹ́jú 45. Ẹ rò ó pọ̀.

15, 60, 35, 15, 45. Ó jẹ́ 170, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 50. Bàlúù fúnra rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún péré.

Bọ́ọ̀sì nọ́ńbà 6 ń ná Sumburgh sí Lerwick, ó dínwó gan-an ju tákísì lọ, ṣùgbọ́n ó ń dúró lọ́nà, kò sì dúró de bàlúù tó bá pẹ́. Ẹ wo àkókò rẹ̀ ṣáájú. Bí ẹ bá padà kojú ọ̀nà Sumburgh Head láti lọ wo ilé iná òkun, ẹ máa rí nǹkan tí mi ò tíì rí níbòmíràn: títì gba orí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ bàlúù kọjá. Tí bàlúù bá ń bọ̀, wọ́n á ti ọ̀pá dí títì, ọkọ̀ gbogbo á dúró, bí ìgbà tí rélùwéè bá fẹ́ kọjá ní Agége. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìṣirò yín tí ẹ bá ń sáré padà wá wọkọ̀.

Ìdánimọ̀: inú orílẹ̀-èdè kan náà lẹ ń fò, kò sí ẹni tó máa bi yín ní físà, ṣùgbọ́n ẹ mú ohun tó ní fọ́tò dání, pásípọ́ọ̀tù tàbí láísẹ́ńsì ọkọ̀. Nípa ọjọ́, àtòjọ àkókò bàlúù a máa yí padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìparí March àti ìparí October. Èyí tí ọ̀rẹ́ yín fò ní July lè má sí mọ́ ní November.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà

Tí bàlúù tààrà ò bá sí lọ́jọ́ yẹn, ẹ lè gba Aberdeen. Kirkwall sí Aberdeen jẹ́ 200 kìlómítà síhà gúúsù, Aberdeen sí Sumburgh jẹ́ 302 padà síhà àríwá. Ẹ̀ ń fò 502 kí ẹ lè bo 137. Wákàtí kan ó lé díẹ̀ ni ìkejì rẹ̀ ń gbà, ẹ wá fi ìdúró ní Aberdeen kún un. Ó máa ń gba ìdajì ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó ṣe é àyàfi tí kò bá sí ọgbọ́n mìíràn.

Ọkọ̀ ojú omi lèmi máa ń tọ́ka sí. NorthLink ń ná an ní alẹ́, kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń kàn Kirkwall o. Aago 11:45 alẹ́ ló ń kúrò, ó sì ń dé Lerwick láago 7:30 òwúrọ̀. Wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 45 lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀: ẹ̀ ń sùn. Bùkátà òtẹ́ẹ̀lì òru kan ti kúrò nílẹ̀, inú ìlú Lerwick gan-an lẹ sì bọ́ sílẹ̀ sí, kò sí kìlómítà 40 kankan. Fún ẹni tó ní iṣẹ́ láago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, ọkọ̀ tó lọ́ra yìí ló yá jù.

Àṣìṣe tèmi nígbà àkọ́kọ́ nìyí. Mo gbé ẹrù mi lọ sí etí omi ní àárín ìgboro Kirkwall, mo rí ọkọ̀ ojú omi lóòótọ́, mo sì dúró bí ọba. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké ti àwọn erékùṣù Orkney ni. Ọkọ̀ Lerwick kì í wá síbẹ̀. Hatston ló ń gùn sí, lẹ́yìn ìlú. Ẹni tó sọ fún mi rẹ́rìn-ín kó tó bá mi pe tákísì. Hatston, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Èwo ni kí ẹ wá mú? Kùrukùru kì í dá ọkọ̀ ojú omi dúró, ìjì ló ń dá a dúró. Bàlúù lè fò nígbà tí ìgbì òkun bá ga, ṣùgbọ́n kùrukùru ń dè é mọ́lẹ̀. Nítorí náà, láti May dé August, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi wà nínú èrò yín bí àbò, àgàgà tí TAF bá ti ń sọ FG. Láti November wọ February, ẹ gbára lé bàlúù jù, ẹ sì fò lójú ọ̀sán, torí ní oṣù December ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ní Shetland lè má tó wákàtí 6.

Tí bàlúù ò bá gbéra

Òfin Ìlú Ọba wà lẹ́yìn yín. Tí ilé iṣẹ́ bàlúù bá fagi lé e, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ọ̀kan: owó yín padà, tàbí kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn gbé yín débẹ̀. Lórí ọ̀nà kúkúrú báyìí, tí ìdádúró bá ti tó wákàtí 2, wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín lóúnjẹ. Tó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n gbọ́dọ̀ sanwó òtẹ́ẹ̀lì. Kódà tó bá jẹ́ kùrukùru ló fà á, ìtọ́jú yẹn ò yẹ̀. Ohun tí kùrukùru ń gbà lọ́wọ́ yín ni owó gbà-máà-bínú, £220 lórí ọ̀nà tí kò tó 1,500 kìlómítà, torí ojú ọjọ́ kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló bàjẹ́ tí ẹ sì fi wákàtí 3 pẹ́ dé, ẹ béèrè £220 yín. Ẹ tọ́jú rìsíìtì oúnjẹ àti ti òtẹ́ẹ̀lì. Kí ẹ má fi ìbínú fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì fúnra yín ṣáájú wọn o! Ẹni tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ fagi lé e ti sọ ẹ̀tọ́ náà nù.

Àbúrò mi lọ ní ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́. Mo ti sọ fún un pé kó jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún, torí erékùṣù Fair Isle ń kọjá níhà yẹn bí bàlúù bá ti fò ju ìdajì ọ̀nà lọ, bíi kìlómítà 12 sí fèrèsé. Ọwọ́ òsì ló jókòó sí. Ó ní òkun nìkan lòun rí.